Ọ̀gá Pírínsípà, Ẹ Jẹ́ Kí Kíláàsì Orin Pariwo Díẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ìwọlé sáà tuntun o. Ẹ kú ìpàdé àwọn òbí, ẹ kú wàhálà owó ìwé, ẹ kú àwọn ọmọ tó ń fo fẹ́ǹsì. Mo rọra kí yín tán pátápátá kí n tó wọnú ọ̀rọ̀, torí bí mo bá bẹ̀rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ má fẹ́ dá mi lóhùn mọ́. Ǹ bá ti fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì yín, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí lẹ́tà ń wọ̀ sí níbẹ̀: abẹ́ gíláàsì orí tábìlì, níbi tí ìwé ìpè ìgbéyàwó àwọn tó ti bímọ mẹ́ta ṣì wà dòní. Ẹ jẹ́ kí gbogbo Òṣogbo bá wa kà á. Bí ẹ̀yin ò bá rí i, àwọn tìṣà yín á rí i, wọ́n á sì kà á fún yín tẹ̀ríntẹ̀rín.

Wọ́n ní ẹ kọ̀wé sí olùkọ́ orin yín pé kíláàsì rẹ̀ ti ń pariwo jù, pé ó ń dí ìṣirò SS2 lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n, kíláàsì orin! Kí lẹ fẹ́ kó máa ṣe? Ẹni tó kọ́ ilé ìdáná sẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá, tó wá ń bínú pé òun ń gbóòórùn ọbẹ̀, ta ni ká bá wí? Ṣùgbọ́n tìṣà tó mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa buwọ́ lu ìwé ìgbéga òun kò ní bá yín jiyàn. Ó gbọ́ràn. Láti ìgbà náà, kíláàsì orin ilé-ẹ̀kọ́ yín dákẹ́ rọ́rọ́. Àlejò tó bá ń kọjá lẹ́yìn fèrèsé á rò pé ìdánwò WAEC ni wọ́n ń ṣe. Ṣọ́ọ̀kì nìkan ló ń dún.

Mo ti rí èso rẹ̀. Ọmọ àbúrò mi wà ní JSS2 lọ́dọ̀ yín. Lọ́jọ́ Sátidé kan mo ní kó gbé nóòtù orin rẹ̀ wá kí n rí i. Ìwé náà mọ́ tónítóní, ó fi kàlẹ́ńdà àtijọ́ bò ó lẹ́yìn. Ó fi rúlà fa ìlà márùn-ún márùn-ún, gbogbo wọn gún régé. Ó ya treble clef síwájú wọn, ó fi báírò búlúù àti pupa kùn ún, ikùn rẹ̀ yọ, ìrù rẹ̀ ká. Lábẹ́ rẹ̀ ló kọ ìtumọ̀ semibreve, minim, crotchet àti quaver sí, kò ṣi ẹyọ lẹ́tà kan kọ. Tìṣà fún un ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Orí mi wú. Mo ní, "Ó dáa, pàtẹ́wọ́ crotchet mẹ́rin kí n gbọ́." Ọmọ náà wò mí, ó wo nóòtù, ó tún wò mí. Ó ní, "Ańkù, ṣé wọ́n máa ń dún ni?"

Ẹ má rẹ́rìn-ín, Ẹ̀gbọ́n. Ilé-ẹ̀kọ́ yín ni.

Mo bi í léèrè orúkọ àwọn ìlà márùn-ún náà. Ó kà á bí ẹni ka sáàmù: Every Good Boy Deserves Favour. Ó mọ̀ pé ọmọkùnrin rere yẹ fún ojúrere. Ohùn tí ọmọkùnrin rere yẹn ń fi kọrin ni kò mọ̀, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ kó gbọ́ ọ rí. Mo ní kó fi ẹnu kọ ohùn ìlà àkọ́kọ́ àti ti ìkejì, ó ní wọn ò tíì dé ibẹ̀ nínú scheme of work.

Mi ò fẹ́ kí ẹ tún lọ kọ̀wé sí tìṣà náà o. Kò ṣẹ̀. Ìjọba ti kó orin, eré orí ìtàgé àti iṣẹ́ ọnà pọ̀ sínú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo fún àwọn JSS, wọ́n sọ ọ́ ní Cultural and Creative Arts. Ẹnì kan ṣoṣo ni ẹ rí gbà sí i, yíyàwòrán sì ni obìnrin náà kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Abájọ tí treble clef ọmọ yẹn fi rẹwà tó bẹ́ẹ̀!

Ohun tó wá pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé orin ń lọ ní pẹrẹu nílé-ẹ̀kọ́ yín, ẹ̀yin lẹ ò fura. Ẹ lọ dúró lẹ́yìn fèrèsé JSS1 nígbà tí olùkọ́ Yorùbá bá ń kọ́ wọn ní ohùn ọ̀rọ̀. Gbogbo kíláàsì ló ń ké: dò, re, mí! Dò, re, mí! Wọ́n ń gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ń sọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ń fi dò-re-mí pe orúkọ ara wọn, ẹni tí orúkọ tirẹ̀ bá jẹ́ kìkì dò á dìde, wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ ò ránṣẹ́ sí ìyẹn rí pé ó ń dí ìṣirò lọ́wọ́. Olùkọ́ Yorùbá yín ń kọ́ wọn lórin ju olùkọ́ orin lọ, kò sì gba kọ́bọ̀ kún owó oṣù rẹ̀.

Sólfà tí àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ń lò, ọwọ́ olùkọ́ ló ti wá. Obìnrin kan, Sarah Glover, ní ìlú Norwich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló to irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ń kọ́. John Curwen wá tún un ṣe ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kí ẹni tí kò lówó dùùrù lè fi ẹnu ara rẹ̀ ka orin. Àwọn míṣọ́nnárì gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, ó bá èdè tó ní òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ nílé, àwọn méjèèjì sì mọ ara wọn lójú ẹsẹ̀. Títí di òní, ẹ̀gbẹ́ akọrin rẹpẹtẹ ló wà ní ìlú wa tí wọn ò lè ka ìlà márùn-ún kankan. D, r, m tí wọ́n kọ sórí ìwé ni wọ́n ń kà, wọ́n sì ń kọ orin Handel parí láìṣìnà. Ohùn ti wà lẹ́nu ọmọ JSS1 yín kó tó wọlé. Ohun tó kù kò ju ká má pa á lẹ́nu mọ́.

T.K.E. Phillips, tó tẹ dùùrù ní Cathedral Church of Christ ní Marina l'Ékòó láti 1914 di 1962, tẹ ìwé kan jáde lórí orin Yorùbá ní 1953. Ohun tó ń jà fún ni pé kí orin máa tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, torí ó ti gbọ́ bí orin ìsìn tí a tú láti Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lọ síbi tí Ọlọ́run ò rán an. Ọmọ JSS1 kò nílò ìwé náà kó tó rí i. Ẹ ní kó fi orúkọ bàbá rẹ̀ kọ orin tó ń gòkè níbi tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ gbọ́ bí kíláàsì yóò ṣe bú sẹ́rìn-ín. Kò ní gbàgbé ẹ̀kọ́ yẹn títí tó fi máa di pírínsípà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí à ń ṣe ní kíláàsì orin tèmi, torí mo mọ̀ pé ọmọ ìṣirò ni yín, ẹ fẹ́ rí iṣẹ́ kí ẹ tó gba ìdáhùn. Mo máa ń ní kí wọ́n pa ìwé dé. Mo mú ìgò mínírà kan àti ṣíbí, mo lù ú: kón, kón, kó-ló, kón, kó-ló. Kónkóló nìyẹn, ohùn agogo tó ń darí ọ̀pọ̀ ìlù ilẹ̀ wa. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹsẹ̀ ti ń mì lábẹ́ tábìlì. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ẹnu pè é tẹ̀ lé mi, lẹ́yìn náà wọ́n á fi báírò lù ú sórí tábìlì, títí tí ẹni tó ń yára jù àti ẹni tó ń fà sẹ́yìn á fi bára wọn dé. Lílù méje ni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ka àwọn ìṣísẹ̀ kéékèèké tó wà lábẹ́ wọn, méjìlá ni: kón gba méjì, kó gba ẹyọ kan, ló gba méjì.

Ìgbà yẹn ni mo ń pín kíláàsì sí méjì. Apá ọ̀tún á máa pàtẹ́wọ́ ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, apá òsì ní mẹ́rin-mẹ́rin, ọmọ kan á di ìgò mú láàárín. Ìdàrúdàpọ̀ gbáà ni ó kọ́kọ́ máa ń jẹ́. Apá ọ̀tún á máa bínú sí apá òsì pé wọ́n ń ṣi àwọn lọ́nà. Ọmọkùnrin kan wà tó máa ń jókòó sẹ́yìn pátápátá, tí kì í dáhùn ìbéèrè kankan látàárọ̀ dalẹ́, òun ló ké lọ́jọ́ náà pé, "Ẹ̀ẹ̀, a ń pàdé o!" Lóòótọ́ ni. Bí méjìlá bá ti pé, apá méjèèjì á jọ balẹ̀ lórí ẹyọ kìíní pẹ̀lú agogo, kí wọ́n tó tún pínyà. Ọ̀gá, L.C.M. mẹ́ta àti mẹ́rin nìyẹn, tí ẹ ti ń fi pàṣán kọ́ wọn láti JSS1. Ìṣirò tí ẹ ní kíláàsì orin ń dí lọ́wọ́, kíláàsì orin ló ń kọ́ ọ.

Lẹ́yìn èyí ni mo tó ń kọ crotchet sí bóòdù. Mi ò bá ìlà márùn-ún jà o; ó wúlò, ó sì gbé mi dé ibi tí mo dé. Kí ohùn kọ́kọ́ dé etí ọmọ ni mò ń wí, kí àmì rẹ̀ tó dé inú ìwé. Ẹ rántí pé WAEC gan-an, nínú ìdánwò orin, á ní kí ọmọ ṣe é kí àwọn gbọ́. Àwọn tó ń fún ọmọ ní máàkì níbẹ̀ kò gba treble clef aláwọ̀ méjì.

Ẹ máa sọ pé kò sí ohun èlò. Mo ti ń dúró de ìyẹn. Dùùrù wà nínú họ́ọ̀lù yín, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ló fi ta yín lọ́rẹ. Mo fojú mi rí i lọ́jọ́ ìpàdé òbí. Fáìlì àwọn ọmọ tó ti jáde wà lórí rẹ̀, ife-ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù wà lórí fáìlì, òdòdó oníke wà nínú ife-ẹ̀yẹ. Ìlù báńdì wà ní sítọ́ọ̀, kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ wà lápò yín, èkúté sì wà nínú ìlù. Nínú gbogbo wọn, èkúté nìkan ló ń rí ohun èlò náà lò.

Àfi kí wọ́n ní Kọmíṣánnà ń bọ̀ fún ọjọ́ ẹ̀bùn. Áà! Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù, ẹ̀yin náà lẹ wá ń sáré kiri: "Báńdì dà? Akọrin dà? Ta ló máa kọ orin orílẹ̀-èdè?" Ariwo wá di àṣà ìbílẹ̀ lọ́wọ́ kan. Tìṣà tí ẹ ti pa lẹ́nu mọ́ láti September, ẹ fẹ́ kó mú ohùn mẹ́rin jáde ní November. Èyí tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé àwọn ọmọ náà máa ń gbìyànjú, Kọmíṣánnà á pàtẹ́wọ́, ẹ̀yin á gba ìyìn, kọ́kọ́rọ́ á padà sápò.

Ẹ tún wo ibi tí a wà ná. Tí a bá ń gbé ní aṣálẹ̀, mi ò ní sọ̀rọ̀. Òṣogbo la wà, Ẹdẹ nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, níbi tí Tìmì Adétóyèṣe Láoyè ti jọba láti 1946 títí tó fi wàjà ní 1975. Ọba aládé, Kìrìsìtẹ́nì, tó mọ ìwé, tó sì ń gbé dùndún kọ́ èjìká fúnra rẹ̀ tó ń lù ú, tó tún jókòó kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá kí àwọn ọ̀mọ̀wé lè rí i kà. Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun náà kò jìnnà. Òyìnbó ń wọ bàálù láti Amẹ́ríkà wá jókòó sórí àpótí níbẹ̀, kí àwọn ọmọ Àyàn lè kọ́ wọn ní bàtá. Àwọn ọmọ tiyín tí ọ̀kadà lè gbé débẹ̀, inú nóòtù ni wọ́n ti ń kà á pé membranophone ni ìlù.

Wọ́n sì ní ọmọ kan wà ní SS1 yín tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Àyán, tí ẹ ní kó kúnlẹ̀ ní pápá nítorí ó ń lu tábìlì. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti fìyà jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n! Ọmọ yẹn ti jókòó ti bàbá rẹ̀ láti kékeré, ó ti gbé omele lóde ìyàwó, ó mọ bí gúdúgúdú ṣe ń dúró lójú kan kí ìyáàlù lè rí ibi sọ̀rọ̀. Ó lè fi ọwọ́ fún ọ̀ṣán kí awọ ké, kó tú u sílẹ̀ kí awọ sọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀. Bí kọ̀ǹgọ́ bá bà á níbi tí kò dáa, á gbọ́ ọ kí ẹ̀yin tó gbọ́ ọ. Ohun tí kíláàsì orin yín fẹ́ fi odindi ọdún mẹ́ta sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbé e dìde kúrò ní pápá, kí ẹ fún un ní ṣọ́ọ̀kì.

Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan á wá bá yín pé ìlù ìbọ̀rìṣà lẹ fẹ́ fi kọ́ ọmọ àwọn. Ẹjọ́ àtijọ́ nìyẹn, ìlú wa yìí náà la ti dá a. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Dúró Ládipọ̀, tìṣà bíi tiwa, gbé ìlù wọ ṣọ́ọ̀ṣì All Saints ní Òṣogbo fún orin Àjíǹde tó kọ. Àwọn àgbà ìjọ fárígá. Ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde, ní 1962 wọ́n ṣí Mbárí Mbáyọ̀, ilé àwọn oníṣẹ́ ọnà, kò sì pẹ́ tí ayé fi gbọ́ nípa eré rẹ̀, Ọba Kò So. Ṣọ́ọ̀ṣì wo ló wà nígboro lónìí tí kò ní dùndún? Ọjọ́ ìdúpẹ́ tó kọjá, mo rí ẹni tó kọ́kọ́ bọ́ síta tó ń gbọ̀n agbádá níwájú onílù. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Pírínsípà ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ń pa gbogbo wa lẹ́nu mọ́: "Níbo ni orin máa gbé ọmọ dé?" Kí n sọ òótọ́, ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní gbé débì kankan, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò kò ṣe sọ gbogbo yín di onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n ẹ wo Fẹlá Ṣówándé, CMS Grammar School l'Ékòó ló lọ, ọ̀dọ̀ Phillips tí mo wí yẹn ló ti kọ́ dùùrù, àwọn ẹgbẹ́ olórin nílẹ̀ òkèèrè sì ń ta orin rẹ̀. Ìyá Ayọ̀ Bánkọ́lé kọ́ àwọn ọmọbìnrin lórin ní Queen's School, ní Ẹdẹ tó wà lẹ́bàá wa níbí. Ọmọ rẹ̀ dàgbà di àgbà olórin, kò sì torí ìyẹn sá fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ girama mẹ́ta l'Ékòó ló ti kó àwọn ọmọbìnrin jọ tó fi dá ẹgbẹ́ akọrin tó pè ní Choir of Angels sílẹ̀.

Bí ẹ bá ní olórin ò lè jẹ́ èèyàn gidi, ẹ béèrè ní Abẹ́òkúta. Àlùfáà J.J. Ransome-Kuti lọ sí London ní 1922, ó gba orin Yorùbá sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Ọmọ rẹ̀, Israel Oludotun, di pírínsípà Abẹ́òkúta Grammar School, òun sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, NUT. Pírínsípà bíi tiyín, ilé olórin ló ti wá. Mo mọ̀ pé ẹ ti rántí ọmọ Pírínsípà náà báyìí, Fẹlá, tó kàwé nílé-ẹ̀kọ́ kan náà. Ṣé òun lẹ̀rù rẹ̀ ń bà yín? Ẹ fọkàn balẹ̀. Pẹ̀lú bí ẹ ṣe ń ṣe é lọ yìí, kò sí Fẹlá kankan tó máa jáde lọ́dọ̀ yín.

Ó yá, ohun tí mo wá tọrọ. Pírẹ́òdù orin tí ẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣirò SS2, ẹ gbé e sẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán, kí ẹ fún wọn ní abẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn pápá. Ibẹ̀ jìnnà, ẹyẹ nìkan ló máa ráhùn. Ẹ bá mi sọ fún PTA kí wọ́n ya owó ọkọ̀ àti owó iṣẹ́ sọ́tọ̀ fún bàbá onílù kan láti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, kó máa wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Owó ni mo wí o. Ẹ má lọ fi búrẹ́dì àti mínírà tan bàbá olóore. Tìṣà tó mọ àwòrán yà, ẹ jẹ́ kó bá wa ya àwòrán ìlù, kó kọ orúkọ ọ̀ṣán àti ṣaworo sí i lára, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, á sì ṣe é dáadáa. Ní ti fáìlì orí dùùrù, mo ti bá akọ̀wé yín sọ̀rọ̀. Ó ní àyè wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Mò ń bọ̀ ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀, èmi àti ìgò mínírà mi. Ẹ̀yin náà, ẹ jáde kúrò ní ọ́fíìsì kí ẹ wá bá wa. Mo ti fi àyè kan sílẹ̀ fún yín ní apá òsì, láàárín àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ ní mẹ́rin-mẹ́rin. Mo jókòó sẹ́yìn yín ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ẹ̀gbọ́n, mo sì mọ bí ẹ ṣe ń pàtẹ́wọ́. Ẹ nílò rẹ̀.

Èmi ni àbúrò yín,
Olùkọ́ orin ní ìkọjá títì.